Bí Mo Ṣe Kó Ọ̀rọ̀ Sínú Kìígbàgbé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́jọ

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ, àti ẹ̀yin àgbà tó jẹ́ pé ẹmu ọ̀fẹ́ lẹ bá wá. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbé, kó hú u tán nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Èmi Ọdẹ́wùmí Àtamátàsé, ọmọ Ìdí-Apá, èmi tí ẹfọ̀n mẹ́ta rí lọ́sàn-án gangan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara wọn pé kí ẹni tó dàgbà jù kọ́kọ́ wá kú, èmi ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti gbọ́ ti ẹfọ̀n, ẹ ti gbọ́ ti erè tó gbé kẹ̀kẹ́ mi mì tí agogo kẹ̀kẹ́ náà ń dún nínú rẹ̀ títí di òní. Ti èyí yàtọ̀. Nínú èyí, n kò pa ẹran kankan. Ọ̀rọ̀ ni mo gbé wọ igbó, ọ̀rọ̀ méjìlélọ́gbọ̀n péré, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán mi ni pé kí n lọ kó wọn sínú ẹranko kan, kí n sì gbé ẹranko náà wálé. Láṣàkí, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Dúró kí o gbọ́ ná.

Gbogbo yín mọ Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlá ló lò nílé ọkọ kí ó tó lóyún, oṣù keje ni ó sì bí i, ọmọbìnrin, kò tóbi ju ọmọ ẹyẹlé tí kò tíì hu ìyẹ́ lọ. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì kan nílé ìwòsàn wa, èyí tó ń fi iná mànàmáná mú ọmọ tí kò pé oṣù móoru. Ọjọ́ kẹrin ni àpótí náà ya wèrè. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Iná wà lára rẹ̀, ó ń tàn yanran, ṣùgbọ́n kò rántí ohun tí wọ́n gbé e wá ṣe mọ́. Wọ́n á gbé ọmọ sínú rẹ̀, á tutù bí ìdí àmù. Wọ́n á sún mọ́ ọn pé kí wọ́n wò ó, á gbóná bí ẹnu ààrò. Wọ́n bá sáré gbé ọmọ náà jáde, ìyá rẹ̀ gbé e lé àyà láàárín ọmú méjèèjì, wọ́n fi aṣọ dì wọ́n pọ̀. Bí ó bá rẹ ìyá rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ á gbà á. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó, ìbọn ń bẹ léjìká mi, kò sì sí ohun tí mo lè yìnbọn fún. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà rò pé n kì í bẹ̀rù.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Sìkírátù tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, obìnrin kúkurú yẹn tí kì í rẹ́rìn-ín, tó ń bá rédíò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó tú ìdí àpótí náà, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ka sí nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, kò sì tóbi ju ìdun lọ. Ó ní, "Baba Ọdẹ, ìrántí rẹ̀ nìyí. Bí iná bá lọ, òun ló máa ń rántí gbogbo ohun tí àpótí gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ti gbó, gbogbo ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ti parẹ́." Mo ní kó ra òmíràn. Ó ní irú rẹ̀ ti tán lọ́jà, ọ̀kan ṣoṣo tó kù láyé ń gbé nínú Igbó Ẹsẹ̀-Mẹ́jọ, ó ga bí ilé alájà kan nígbà tó bá dúró nílé ara rẹ̀, Kìígbàgbé ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ẹ ó kó ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti gbà wọ́n tán, á súnkì, ẹ ó fi í sápò."

Ó wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà. Ìlà mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí yàrá mẹ́rin ló wà nínú Kìígbàgbé, àga mẹ́jọ ló sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan á sì jókòó sórí àga kan. Ti yàrá ooru: Jẹ́ kí ara ọmọ gbóná ní ìwọ̀n mẹ́rìndínlógójì. Ti yàrá ìkìlọ̀: Bí ó bá gbóná jù, dín in kù. Ti yàrá ìjí: Bí iná bá padà dé, rántí iṣẹ́ rẹ. Ti yàrá ariwo: Bí ara ọmọ bá tutù, ké gbàjarè síta. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n máa lu nǹkan, kò! kò! kò!, bí mo bá lu ẹ̀ẹ̀kan kí n sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó tún sọ ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn tí n kò gbọ́ dáadáa, nítorí ojú mi wà lára Ọdẹ́bùnmi tó ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ orí àyà rẹ̀ má baà jí. Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni pé, "Baba Ọdẹ, ẹ dákun, ẹ má kí i." Mo ní, "Kí n má kí i kẹ̀?" Ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ bá ti ẹnu sọ ló máa gbà. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ àti ìkíni." Mo ní kò burú. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni o, Baba. Ọmọ yẹn ń rù." Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, èmi náà kò sì bi í.

N kò ní sọ bí mo ṣe ki ìbọn àti irú iṣu tí mo jẹ lójú ọ̀nà. Ọdẹ tó bá ń sọ ohun tó jẹ, ebi ló ń pa á. Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni mo bọ́ sáàárín àwọn Ará Ìtànṣán. Ìhòòhò ni gbogbo wọn wà, ara wọn ń dán bí páànù tuntun, wọ́n dúró sí gbalasa, wọ́n na àyà sí oòrùn. Bí oòrùn bá wà lára wọn, kò sí ohun tí wọn kò rántí. Olórí wọn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ọdẹ́wùmí nìyí, ajá bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Tanímọ̀la, irun apá òsì rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rin, ó sì tàsé ìgalà lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún kí ó tó gbéyàwó." Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn dùn mí, nítorí gbogbo yín lẹ mọ̀ pé n kò tàsé rí. Mo ní irọ́ ni. Ni wọ́n bá dì mí tọwọ́tẹsẹ̀ pé mo bú ìrántí àwọn, wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n ń jiyàn bóyá ẹ̀gúsí ló yẹ mí ni àbí ilá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ilá ti fẹ́ borí nígbà tí ìkùukùu kan kọjá lójú oòrùn. Bí òjìji rẹ̀ ṣe kàn wọ́n, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ro ọbẹ̀ wo igi ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni èyí?" Ọkọ ń bi ìyàwó pé ọmọ ta ni ọ́. Olórí wọn wá síwájú mi, ó ní, "Ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, ó dà bíi pé mo mọ̀ yín. Kí ló dé tí ẹ fi okùn di ara yín?" Mo ní àṣà ìlú wa ni, ṣùgbọ́n àsìkò ti tó láti tú u. Ó ní, "Ẹ kú àṣà." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú mi, ó tún bá mi gbọn ẹrùpẹ̀ lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rọra ń lọ. N kò tíì rìn tó ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ tí oòrùn fi yọ padà, tí mo sì gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, "Ilá la fi í sè!" Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sáré. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe sáré, ẹ ò ní gbà pé eékún yìí ló ń dùn mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo pàdé Òdìmú. Obìnrin ni, ó jókòó lórí òkúta, okùn kan tó nípọn tó itan mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fà á le, orí okùn náà sì lọ sínú igbó níwájú. Ó ní ẹsẹ̀ keje Kìígbàgbé ni òun so sókè. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ náà bá wà lókè, ẹnikẹ́ni lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun kan kò lè wọlé. Èèyàn á kàn máa sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi bó. Mo ní kó tú u sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Àlọ́ kan, lẹ́yìn náà iṣẹ́ kan. Kí ni mo gbà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mo lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò bá mi jáde?"

Mo ní oúnjẹ àlejò. Ó ní, "Ìyẹn ń bá ọ jáde, ó kàn yí àwọ̀ padà ni." Mo ní bàtà. Ó ní, "Ìwọ wọ bàtà?" Mo wo ẹsẹ̀ mi, n kò wọ bàtà lóòótọ́. Ọkàn mi ń lọ sílé, mo ń rò ó pé ta ló gbé ọmọ báyìí, ìyá rẹ̀ ni àbí ìyá ọkọ, inú bí mi, mo ní, "Ìyá, ẹ yàgò fún mi jàre." Ó ní, "O gbà á. Àgò ni." Ó ní bí mo bá ti dé ẹnu yàrá kọ̀ọ̀kan nínú Kìígbàgbé, àfi kí n kàgò. Àgò tí mo bá gbà fún yàrá kan, inú yàrá yẹn náà ló máa tán sí. Tí mo bá fẹ́ wọ òmíràn, kí n tún tọrọ. Àṣé ohun tí Sìkírátù sọ tí n kò gbọ́ nìyẹn. Mo wú àyà, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ̀ ń dán mi wò ni.

Iṣẹ́ tó wá kù ni pé kí n bá a họ ẹ̀yìn. Láti ìgbà tó ti di okùn yẹn mú ni ẹ̀yìn ti ń yún un, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi họ ọ́. Mo ní èyí kò tó nǹkan. Mo yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà sì ń bá a lọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ó kọjá odò kan, ó gun òkè. Ọkọ́ tó wà lẹ́bàá òkúta rẹ̀ ni mo fi họ ẹ̀yìn obìnrin náà, bí ẹni ń kọ ebè, òun sì ń darí mi láti òkèèrè pé, "Sápá ọ̀tún díẹ̀. Rárá, ìyẹn ti pọ̀ jù, o ti wọ oko ẹlòmíràn." Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí ni mo tó kan ibi tó ń yún un gan-an. Ó mí kanlẹ̀, àwọn ẹyẹ ṣí lórí igi, ó sì tú okùn náà sílẹ̀. Ó ní, "Lọ. Bí o bá ṣe tán, ké sí mi kí n fà á padà, nítorí tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, bí o sín, ó máa gbà á."

Nígbà tí mo rí Kìígbàgbé, ẹnu mi kò lè sọ ọ́ tán. Dúdú ni láti òkè délẹ̀, igun mẹ́rin, pẹlẹbẹ, ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ fàdákà mẹ́jọ, kò mí, kò jẹun, kò sì sí ohun tó jọ ẹ̀mí lára rẹ̀, síbẹ̀ èèyàn á mọ̀ pé ó wà. Bí ọdẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ̀yìn ni mo gbà yọ sí i, kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn mi lọ bá a. Mo fi ọwọ́ lásán kan ilẹ̀ tútù kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn mo gbọ́, Sìkírátù ní iná tó wà lára èèyàn lè ta á kó kú. Ilẹ̀kùn kan wà níwájú mi. Mo yọ àdá, mo gbé e lé irin ìbọn, mo ní, "Àgò o." Ohùn kan dáhùn, "Àgò yà." Ohùn àgbà ni, ó sì balẹ̀ gan-an. Ẹ wò mí o. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, nínú yín, ta ni àgbàlagbà máa dá lóhùn pé àgò yà, tó máa wọlé tó máa dákẹ́ bí ewúrẹ́? Ta ni ìyá rẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi ti ń lu àdá, kò! kò!, ẹnu mi sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀ẹ̀kan: "Ẹ káàsán, baba, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àtọdúnmọ́dún o. Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Mo dúró kó dá mi lóhùn. Kò fọhùn. Mo pè é, kò fọhùn. Mo tún pè é, ó ní, "Mo ti gbé e mì." Mo ní, "Kí lẹ gbé mì?" Ó ní, "Ohun tí o sọ. Yàrá ariwo ti kún." Ẹ̀yìn tí mo gbà wọlé, yàrá tó kẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Mo ní kó tún ohun tó gbà sọ fún mi. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn èmi fúnra mi, ó ní, "Ọmọ ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Mo ní kì í ṣe bí mo ṣe tò ó nìyẹn, ẹ káàsán tí mo kọ́kọ́ sọ dà? Ó ní, "Àga mẹ́jọ ló wà. O kó ọ̀rọ̀ méjìdínlógún wọlé. Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án jókòó lé orí ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ sì parẹ́. Ọ̀rọ̀ kẹtàdínlógún tún padà sórí àga àkọ́kọ́. Èmi kì í lé ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń jókòó."

Mo ní, "Ẹ gbé e jáde, ká tún un ṣe." Ó ní, "Ìgbà mẹ́rin péré ló kù tí mo lè gba ọ̀rọ̀ láyé mi kí o tó dé. Ó ku mẹ́ta." Mo ní n kò ní kó gba nǹkan, mo ní kó pa á rẹ́ ni. Ó ní, "Pípa rẹ́ náà, gbígbà ni." Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé mẹ́rin ló kù?" Ó ní, "O kò bi mí. O ní, ọmọ ńkọ́." Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èmi Ọdẹ́wùmí tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń fi àdá lu ilẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n rán mi, mẹ́ta ni mo lè jẹ́. Èwo ni kí n fi sílẹ̀? Bí kò bá sí ooru, ọmọ kò sí. Bí kò bá mọ ìgbà tó ń gbóná jù, á sè é. Ti pé kí ó jí bí iná bá padà dé, ẹ̀yin náà mọ iná Ìdí-Apá, bí àlejò tí wọ́n lé ni, kò ní pẹ́ lọ, kò ní pẹ́ dé. Ìlà tó ní kí ó ké gbàjarè ló kù. Mo fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀, mo ń rí i lójú mi pé ara ọmọ náà ń tutù nínú gíláàsì níbi tí ẹnikẹ́ni kò wà, àpótí náà dákẹ́, nítorí pé bàbá ìyá rẹ̀ kò lè pa ẹnu mọ́.

Mo kàgò ní ẹnu yàrá mẹ́ta tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo fi eyín di ètè mi mú láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì kí ìkíni má baà yọ́ jáde. Bí yàrá kan bá kún, mo dákẹ́, mo ń bi í pé ṣé ó ti gbé e mì, kò ní fọhùn, kò ní fọhùn, títí á fi ní, "Ó ti lọ." Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ kà fún mi, ó kà á, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ó ní, "Ó tán. N kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé, n kò sì ní gbàgbé tìrẹ." Mo ké sí Òdìmú, ó fa okùn, ẹsẹ̀ keje gbéra. Kìígbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ó di àga, ó di ọṣẹ, ó di ìdun. Mo fi í sínú ìwo, mo fi òwú dí i lẹ́nu.

Àwọn Ará Ìtànṣán ti ń dúró dè mí lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìkùukùu kan kò sí, wọ́n sì rántí ohun gbogbo, títí kan iye ìgbà tí mo bú wọn lọ́kàn mi. Ọgọ́rùn-ún wọn lé mi pẹ̀lú ìkòkò. Ẹ̀mí mi ti fẹ́ pin nígbà tí mo rí ìrókò kan níwájú, òjìji rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọ inú òjìji náà dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo là ń lọ?" Ẹni kejì kọlù ú, ó tọrọ àforíjì, ó bi í pé ṣé ará ibí ni. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, gbogbo wọn ti wà lábẹ́ ìrókò, wọ́n ń fi ara wọn han ara wọn, ẹni tó ru ìkòkò sì ń bi wọ́n pé ta ló ń ṣe ìnáwó. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ó bá wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo wọlé. Ọmọ wà láyà ìyá rẹ̀, ó ti fúyẹ́ sí i, Ọdẹ́bùnmi kò sì lè dìde mọ́. Sìkírátù fi wáyà mú Kìígbàgbé, ó ka inú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó kà á tán, ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Baba Ọdẹ, ẹ kí i." Kò bá mi jà, ó kàn fi irin gbígbóná jó o mọ́ ìdí àpótí. Àpótí náà tàn, ó rántí, ó dúró lórí mẹ́rìndínlógójì gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ọmọ sí i. Gbogbo wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí àpótí náà la ẹnu, tó fi ohùn mi, ohùn gbígbó yìí, sọ pé, "Ọmọ ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Sìkírátù ní ìlà tí kò ní "bí" nínú kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ohun tó bá wà nínú yàrá ariwo ló máa máa ké, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ẹ̀yin ará ibí, wọ́n ń kí yín, ẹ lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́? Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, bínú títí, ó ní òun máa fi òwú dí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bínú yẹn náà ló ń dáhùn, "Ó wà o, a dúpẹ́." Ẹni tí wọ́n sì bi pé ọmọ ńkọ́, báwo ló ṣe máa ní ó wà láìwo ọmọ? Àfi kó yọjú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ń yọjú, ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ ń yọjú, ìmáàmù tó wá kí aláìsàn yọjú, ó ní, "Alhamdulillahi, ó wà." Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà tí ọmọ padà sínú àpótí, Ìyá Fẹ́hìntọ́lá ti bu oúnjẹ rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ kó òkèlè, àpótí náà bi í. Ó ní "ó wà" lórí ìjókòó, ara rẹ̀ kò gbà á, ó dìde lọ wò ó. Ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ àpótí ní ṣíṣí sílẹ̀. Ètè ọmọ ti di aró. Ó gbé e jáde, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń pè é, títí ọmọ fi sunkún.

Sìkírátù wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní wáyà tó ń wọn ooru ti já kúrò lára ọmọ, ara àpótí tó gbóná ló lọ lẹ̀ mọ́, àpótí sì gbà pé ọmọ móoru. Ó ní, "Baba, tó bá jẹ́ ìlà tí mo kọ́ yín lẹ kó síbẹ̀, kì bá tí ké." Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó rẹ́rìn-ín, ẹkún ló sì fi parí rẹ̀.

Oṣù méjì ni ọmọ náà, Ìtùnú ni a sọ ọ́, lò nínú àpótí yẹn, tó ń gbọ́ ìbéèrè yẹn tọ̀sán tòru kó tó délé. Ó tó ọdún kan, kò sọ̀rọ̀. Ó tó ọdún kan àbọ̀, kò pe ìyá, kò pe bàbá, ọkàn Ọdẹ́bùnmi kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ti oko dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo kàgò, mo ní, "Ọmọ ńkọ́?" Kí ìyá rẹ̀ tó lanu, ọmọ náà rá kòrò jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Mo wà."

Ẹ bu omi fún mi. Rárá, kì í ṣe ẹmu, omi ni.